Ẹ Má Jẹ́ Kí Aró Gìtá Di Iná Nínú Ilé

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni ní Ilé-Ogbó, Kúta, Olúponnà, Ìwó àti agbègbè wọn tó ní gìtá onígi nílé, tó sì ń rò ó pé òun fẹ́ fọwọ́ ara òun pa á láró kó lè lẹ́wà padà. Ó wà fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ó wà fún káfíńtà tí wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá ní ìsọ̀ rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gbámúṣé ni, ó sì ń kọ́ ọmọ ní sùúrù. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé àwọ̀ tí a fẹ́ fi sára igi kọ́ ló ń pani lára. Olómi tí wọ́n fi po àwọ̀ náà ni, àti àkísà tí a fi nù ún, àti ìgò tí a rọ ìyókù rẹ̀ sí. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló lè sọ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan di ọ̀fọ̀ nínú ilé.

Gìtá kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ti fi í kọrin jùjú títí òkìkí rẹ̀ fi kan káàkiri ayé. Lónìí, ìjọ tí kò ní ọ̀dọ́ kan tó ń ta gìtá kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n gìtá tuntun ti wọ́n, àlòkù ni ọ̀pọ̀ ń rà: èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, tí ara rẹ̀ ti họ. Ọ̀dọ́ á lọ ra sítéènì, ìyẹn aró tí a fi ń kun igi, àti tíńà ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, á gbé gìtá wọ yàrá, á tilẹ̀kùn kí àwọn àbúrò rẹ̀ má baà dà á láàmú, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú yàrá tí a tì yẹn ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Atẹ́gùn tí ojú kò rí

Oríṣi sítéènì pọ̀. Omi ni wọ́n fi po òmíràn, sípírítì ni wọ́n fi po òmíràn, òmíràn sì jẹ́ òróró línsíìdì tí wọ́n fi tọ́pentáìnì tàbí tíńà là. Lẹ́yìn tí sítéènì bá gbẹ, wọ́n á tún fi lákà tàbí fáníìṣì bò ó kó lè máa dán. Tí a bá yọ àwọn tí wọ́n fi omi pò kúrò, gbogbo wọn ló ń gbiná. Kì í sì í ṣe olómi inú agolo gan-an ló ń kọ́kọ́ gbiná. Atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Atẹ́gùn yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rọ̀ mọ́. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹni tó ń kun gìtá kò ronú dé.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ládùúgbò wa. Ilé púpọ̀ ló ní yàrá lọ́tùn-ún àti lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Ìyá kan lè máa dáná sítóòfù tàbí gáàsì lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Iná mànàmáná lè dé lójijì, kí fíríìjì àti fáànù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí iná bíńtín sì ta níbi tí wáyà ti pàdé. Ẹnìkan lè ṣáná sí àbẹ́là. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó. Iná tó bá ràn mọ́ atẹ́gùn náà níbi ìdáná yóò sáré padà tọ agolo tíńà lọ ní yàrá kẹta, kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Iná sípírítì ní àrékérekè tirẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ènìyàn lè rò pé ó ti kú, kó tún da sípírítì sí i, nígbà tó ṣì ń jó.

Ẹ má fi bẹntiróòlù la sítéènì tàbí ọ̀dà láéláé. Ẹ má fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì fi fọ ọwọ́. Kò sí ohun tó tètè ń gbiná tó o nínú àwọn olómi tí a ń rà lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí iná, benzene wà nínú rẹ̀, èyí tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Bí aró bá ta sí yín lọ́wọ́, ẹ fi òróró ìsèbẹ̀ díẹ̀ pa á, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

Bí iná kò bá tilẹ̀ ṣẹ́yọ, atẹ́gùn yẹn kò fi ara sílẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á tẹ̀ lé e, èébì á máa gbéni, bí ẹni náà kò bá sì tètè jáde, ó lè dákú síbẹ̀. Ìbòmú aṣọ tàbí èyí tí gbogbo wa lò nígbà àrùn Kòrónà kò lè dá a dúró, nítorí eruku àti itọ́ nìkan ni wọ́n ń dí lọ́nà. Ìbòmú tó ní èédú inú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu nìkan ló ń gbà á mọ́ra. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ìta gbangba nìkan ni ibi iṣẹ́ yín. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ wà nítòsí. Lákà tí àwọn apẹ́ńtà mọ́tò ń po mọ́ hádínà kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí a ń fọ́n nílé rárá. Isocyanate tó wà nínú hádínà yẹn lè fún ẹni tí kò ní àsímà rí ní àsímà tí yóò bá a dọ́jọ́ alẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní ìbòmú àti ibi iṣẹ́ tó yẹ.

Àkísà tó ń gbiná fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé tíńà léwu ni kò mọ̀ pé àkísà tí a fi nu gìtá léwu jù ú lọ lóru. Òróró línsíìdì, tó wà nínú ọ̀pọ̀ sítéènì olóròóró àti fáníìṣì kan, kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fà mọ́ra títí yóò fi le, bó sì ṣe ń le ni ooru ń jáde lára rẹ̀. Lára gìtá tí a fi í sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ooru náà á fò lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n tí a bá ká àkísà tó rin sínú òróró yìí jọ, tí a jù ú sí kọ̀rọ̀ tàbí sínú ọ̀rá nílọ́ọ̀nù, ooru kò ríbi gbà jáde. Á máa pọ̀ sí i, á máa pọ̀ sí i, títí àkísà náà yóò fi rú èéfín, tí yóò sì gbiná. Ẹnikẹ́ni kò ṣáná sí i. Ó lè tó wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1991 kò yẹ kí a gbàgbé. Wọ́n ń tún pákó ara ògiri ṣe nínú ilé alájà 38 tí wọ́n ń pè ní One Meridian Plaza. Àwọn òṣìṣẹ́ fi àkísà tó rin sínú òróró línsíìdì sílẹ̀ ní àjà 22, wọ́n sì lọ sílé. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni àkísà náà gbiná fúnra rẹ̀. Iná yẹn jó láti àjà kan sí òmíràn títí ó fi dé àjà 30, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi láti òkè ti dá a dúró. Panápaná 3 ló kú sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀. Bí àkísà bá lè ṣe èyí nílùú tí panápaná pọ̀ sí, tí omi sì wà, kí ni yóò ṣe fún ilé onípákó àti páànù tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀?

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ má fi àkísà olóròóró sínú ilé sùn. Ní kété tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ tẹ́ ẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì níta, tàbí kí ẹ sá a sórí okùn, níbi tó jìnnà sí ògiri àti koríko gbígbẹ, títí yóò fi le gbagidi. Tàbí kí ẹ rì í sínú agolo onírin tó kún fún omi àti ọṣẹ, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ má ká a jọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má jù ú sínú ààtàn tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, ẹ túbọ̀ fojú sí i.

Ìgò tí a fi pamọ́

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ ẹ̀yin ìyá àti bàbá jù lọ nìyí. Tíńà, sípírítì àti kẹrosíìnì kì í sábà dúró sínú agolo tí wọ́n fi tà wọ́n. À ń rọ wọ́n sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, à ń gbé wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tíńà mọ́ gaara, omi náà mọ́ gaara. Ọmọ ọdún 2 tí òǹgbẹ ń gbẹ kò lè mọ ìyàtọ̀. Ilé-ìwòsàn wa ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún ọmọ náà ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì kì í ní ìka lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Mo mọ̀ pé epo pupa ni àwọn ìyá wa ń fún ọmọ tó bá jẹ májèlé, inú rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tíńà àti kẹrosíìnì kì í ṣe inú ni wọ́n ti ń ṣọṣẹ́ jù, ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí ọmọ bá ń bì wọ́n padà, wọ́n á gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, èémí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Sípírítì ìkungi kì í sì í ṣe ọtí fún àgbàlagbà. Methanol tó máa ń wà nínú rẹ̀ ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Ní ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lójijì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ló pa wọ́n, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú ìgò sára rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ gbé e síbi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀dà àtijọ́ àti eruku rẹ̀

Aró kì í wọ igi tí ọ̀dà wà lórí rẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ gìtá oníná olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ọ̀dà polyester bò, ó nípọn, ó sì le. Tí a kò bá họ ọ́ kúrò pátápátá, aró yóò mú ibì kan, yóò fi ibòmíràn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá oògùn tó ń yọ ọ̀dà. Kí ẹ tó rà á, ẹ ka ara agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí methylene chloride tàbí dichloromethane níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Bó bá wọ ara ènìyàn, ó máa ń di carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀, májèlé kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú. Nítorí àwọn tó kú nídìí rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún aráàlú láti fi yọ ọ̀dà ní ọdún 2019. Ẹ má sì fi iná sítóòfù tàbí irin gbígbóná yọ ọ̀dà gìtá. Èéfín ọ̀dà tó ń jó burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Sáńpépà ló kù, eruku sì ni ìṣòro tirẹ̀. IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti ihò imú. Eruku ìrókò máa ń mú kí awọ ara yún, ó sì máa ń fa ikọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀dà àtijọ́ náà lè ní òjé nínú. Ohun tí eruku òjé lè ṣe fún ọmọdé, Zamfara ti fi hàn wá ní ọdún 2010, níbi tí òjé láti inú iṣẹ́ ìwa góòlù ti pa ọmọdé bí 400. Nítorí náà, ìta ni kí ẹ ti máa fi sáńpépà họ gìtá, kí ẹ lo ìbòmú, kí ẹ fi aṣọ tútù nu eruku dípò kí ẹ fi ọwọ̀ gbá a, kí ẹ sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra.

Gìtá tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn

Gìtá oníhò tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a kì í so mọ́ iná, kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Pákó iwájú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà. Bí sáńpépà bá jẹ ẹ́ tín-ín-rín, á tẹ̀ sínú; bí a bá bo ọ̀dà tó nípọn mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ á kú. Pákó alábala (plywood) ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú, ìpele òkè tó rẹwà lójú kò sì nípọn rárá. Bí ẹ bá họ ọ́ kọjá ààlà, gọ́ọ̀mù àti igi mìíràn ni ẹ ó rí, kò sì sí aró tó lè bò ó. Gìtá tó ti dàgbà, tí olórúkọ ńlá ṣe, tún wà níbẹ̀: ọ̀dà àtètèkọ́ṣe rẹ̀ jẹ́ apá kan iye rẹ̀, ẹni tó bá họ ọ́ ti gé owó ara rẹ̀.

Ọ̀nà tó dára láti ṣe é

Gìtá oníná tí ara rẹ̀ jẹ́ odindi igi ló dára fún iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ wa kò sì ṣaláìní igi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá Flying V àti Explorer jáde ní ọdún 1958, igi limba láti Áfíríkà, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Korina, ni wọ́n fi ṣe ara wọn. Irú igi kan náà ni à ń pè ní afárá ní sọ́míìlì wa. Ẹ lọ ra àjákù pákó rẹ̀ kí ẹ kọ́kọ́ dán aró yín wò lára rẹ̀, nítorí àwọ̀ tó wà lára agolo kọ́ ni yóò hàn lára igi. Arère funfun, ó sì rọ̀. Ó ń mu aró bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá níbi tí ayùn ti gé e lábùú. Ìrókò ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kí fáníìṣì kan tètè gbẹ.

Ẹ yan sítéènì tí wọ́n fi omi pò. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, kí ó jẹ́ ìyẹn. Kò ní òórùn líle, àkísà rẹ̀ kì í gbiná fúnra rẹ̀, ó sì ń fún igi ní àwọ̀ tó mọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán bí wáyà ṣe wà nínú gìtá, kí ẹ tó tú okùn, ọrùn àti gbogbo irin kúrò. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 họ ọ́, kí 180 tẹ̀ lé e, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú bí okùn inú igi ṣe lọ. Omi máa ń mú kí irun igi dìde. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ó gbẹ, kí ẹ tún fi 220 họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí aró tó kàn án. Ẹ lo ìbọ̀wọ́. Ẹ fi àkísà mímọ́ tẹ aró náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ nu èyí tó bá lékè kúrò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró ìsèbẹ̀ dán gìtá. Kì í gbẹ láéláé, eruku ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti lákà, ẹ má fi í sí i lọ́jọ́ òjò tàbí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù fún omi, torí lákà náà á di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ràn, lábẹ́ òjìji ìta, tí kò sí iná ìdáná tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, ni àkókò rẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ gbé garawa iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó ṣí agolo. Bí olómi bá gbiná, ẹ má da omi sí i, nítorí omi á gbé iná náà káàkiri ni. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, tàbí kí ẹ dé agolo náà. Bí kò bá kú kíá, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112. Ẹni tí iná bá mú aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré. Kó dùbúlẹ̀, kó máa yí. Ojú ibi tó jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe epo pupa. Bí sítéènì bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gba ilé-ìwòsàn lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin pé kí ẹ ka ìkìlọ̀ yìí sétí àwọn ọ̀dọ́ yín. Ẹ̀yin tó ń ta ọ̀dà, ẹ má ta tíńà fún ọmọdé, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin káfíńtà wa, ẹ̀yin lẹ mọ igi jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó fẹ́ kun gìtá rẹ̀ wá ṣe é ní gbangba ìsọ̀ yín, lójú yín. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ òórùn tíńà láti inú yàrá tí a tì, ẹ má kọjá lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ gbé iṣẹ́ náà síta.